Mo Na Ọmọ Nítorí Ebi Ẹlòmíràn

Láìtán jẹ àkàsà mẹ́ta láàárọ̀,
ó lá ewé rẹ̀ títí ewé fi ń dán.
Kí oòrùn tó kan páànù òrùlé
ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ìkòkò.
Mo ní, "Ṣé ikùn rẹ kò nísàlẹ̀ ni?"
Ó rẹ́rìn-ín.
Ikùn ọ̀hún yọ síwájú bí igbá,
apá rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná.

Lálẹ́, ó ń payín keke lójú oorun.
Baba ọkọ mi gbọ́ ọ láti yàrá kejì, ó ní,
"Ẹ fi í sílẹ̀. Ta ni kò ní aràn nínú?
Aràn ló ń bá ni lọ oúnjẹ."
Mo gbà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́ tí mo ká a mọ́ ìdí àpò gààrí
tí oníbàárà Pobẹ̀ ti san owó rẹ̀,
tí ọwọ́ rẹ̀ wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, tí ètè rẹ̀ funfun,
mo já ẹ̀ka gúáfà.
Mo pè é lólè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.
Mo nà án títí ọwọ́ mi fi rántí pé ọmọ ni.
Kò sá. Ìyẹn ló ń dùn mí.
Ó kàn di ikùn mú
bí ẹni tó ń bo ẹlòmíràn kí pàṣán má bà á.

Àwọn baba wa ní Kétu gbẹ́ yàrà yí ìlú ká,
wọ́n mọ odi, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn ńlá sí Ìdènà,
nítorí ogun tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀.
Ẹ wá wo yàrà lónìí.
Ibẹ̀ là ń yà sí ní kùtùkùtù
fún iṣẹ́ tí ọba pàápàá kì í rán ẹrú.
Ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù,
tí wọ́n ti ń ṣa máńgòrò tó bọ́ sílẹ̀.
Omi wọ́n. Kànga jìn ju ohùn lọ.
Garawa kan, a fi sebẹ̀, a fi bọ́jú,
èwo ni ká tún fi fọwọ́ ọmọ tó ń ṣeré?
Ọ̀tá tí kò gun ẹṣin, tí kò gbé ìbọn,
gba inú yàrà wọlé,
ó jókòó sábẹ́ èékánná ọmọ mi.

Madamu Ẹdiwíìjì gbé tábìlì sábẹ́ igi kajú nílé ìwé.
Hóró oògùn kan ṣoṣo: "Ẹ rún un lẹ́nu."
Láìtán ní ó dùn. Ó tọrọ òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì ó ké láti ẹ̀yìn ilé,
"Ìyá ò, okùn ń ti inú mi jáde!"
Mo ka mọ́kànlá, wọ́n gùn bí okùn bàtà.
Adìẹ sáré dé, mo lé e.
Mo dúró.
Àkàsà mi rèé.
Gààrí tí mo torí rẹ̀ lu ọmọ rèé, ó ń lọ́ lórí erùpẹ̀ pupa.
Ọba ló ń wọ àrán;
aràn wọ inú ọmọ mi, mo pè é lọ́kánjúwà.

Baba ọkọ mi jáde, ó fi ọ̀pá yí ọ̀kan padà.
Kò sọ ti ẹni tó ń bá ni lọ oúnjẹ mọ́.
Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ṣáláńgá.
Ó ti dé orúnkún. Ilẹ̀ yìí le, baba náà sì ti dàgbà.

Lálẹ́ àná, Láìtán jẹ àkàsà kan àti ààbọ̀,
ó ti ìyókù sọ́dọ̀ mi.
"Mo yó."
N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.
Mo bu omi, mo fi ọṣẹ fọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo ń fọ ọ́ lọ sókè,
nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀ka gúáfà fi àpá sí,
omi tán nínú garawa.